Ilé Amọ̀ Àwọn Baba Wa: Ààfin Déjì ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ sún mọ́ rédíò dáadáa, nítorí ìrìn-àjò ni a fẹ́ jọ rìn.

Bí àlejò bá dé Alágbàká ní Àkúrẹ́, ilé ìjọba tí a fi búlọ́ọ̀kù àti símẹ́ǹtì kọ́ ni yóò rí, nítorí láti ọdún 1976 ni Àkúrẹ́ ti jẹ́ olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Kí ó má ṣe padà sílé níbẹ̀. Kí ó kọjú sí Ọjà Ọba, kí ó lọ wo ààfin àtijọ́ ti Déjì. Ìtàn ìlú sọ pé nǹkan bí ọdún 1150 ni wọ́n kọ́ ọ.

Láti ìta, ilé náà kò fi bẹ́ẹ̀ jọni lójú. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ní orí òkè Abu ní ilẹ̀ Íńdíà, ilé ìsìn kan wà tí àwọn ẹlẹ́sìn Jain kọ́ ní ọdún 1031, Vimal Vasahi ni orúkọ rẹ̀. Ìta rẹ̀ rí ṣákálá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bọ́ bàtà wọlé yóò bá òkúta funfun tí a gbẹ́ bí ẹni hun léèsì, láti ara òpó títí dé àjà. Àwọn baba wa náà mọ ọgbọ́n yẹn: inú ni wọ́n kó ẹwà ilé sí.

Ùà ni àwọn ará Àkúrẹ́ ń pe àgbàlá inú ààfin, wọ́n sì ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Yàrá yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú yàrá, òrùlé sì dà sínú. Bí òjò bá rọ̀, inú àgbàlá ni omi ń dà sí, wọ́n sì la ojú àgbàrá fún un kí ó bá abẹ́ ògiri jáde. Bí oòrùn ti wù kí ó mú tó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tutù, nítorí ògiri nípọn. Amọ̀ tí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni. A ó mọ ìpele kan, a ó jẹ́ kí ó gbẹ, kí a tó gbé òmíràn lé e.

Ùà kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ùà Ìkọmọ ni a ti ń sọ ọmọ lórúkọ. Ùà Ubura, ìbúra nìkan ni ti ibẹ̀. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ọmọdé: ẹni tí ó fẹ́ parọ́ ń ti àgbàlá kan bọ́ sí òmíràn kí ó tó débi tí yóò ti la ẹnu. Èmi gbà pé ẹsẹ̀ púpọ̀ ti wúwo lójú ọ̀nà yẹn.

Ohun inú ààfin a máa rìn lọ. Ní Ìkẹ́rẹ́, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà. Ní ọdún 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àga ọba tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà. Ilẹ̀kùn di ti British Museum.

Ògiri kò lè rìn lọ, ṣùgbọ́n òjò lè fọ̀ ọ́ lọ. Òkúta òkè Abu lè fara da ọ̀pọ̀ ọdún òjò. Amọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí páànù kan bá jò, tí kò sí ẹni tí ó gun òkè lọ dí i, ògiri a bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ti ka ààfin yìí mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ó dára. Àmọ́ ìwé kì í dí ihò òrùlé. Wọ́n sì ti dáwọ́ lé ààfin ìgbàlódé ní ìhà gúúsù ilẹ̀ náà. Ilé tí ènìyàn kò bá sùn sí, ta ni yóò tètè mọ̀ pé ó ń jò?

Ẹni tí ó bá lọ, kí ó tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ará ààfin, kí ó ṣí fìlà, kí ó má fi ọwọ́ ra ògiri. Bí òjò bá ká a mọ́bẹ̀, kí ó má sá. Kí ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó máa wo omi bí ó ti ń dà wálẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.