Bodè Kò Kúrò Lójú Ọ̀nà: Ọ̀rọ̀ Lórí Pátákó Ìrántí ní Ọ̀tà àti Sango

   Àwọn tó pè mí síbí ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi àkókò ṣòfò, nítorí náà ẹ jẹ́ ká kó wọ inú ọ̀rọ̀.

Ohun tí mo ń pè ní pátákó ìrántí kò lọ́jú pọ̀. Pátákó tàbí òkúta ni, tí wọ́n gbé sí ẹ̀bá títì, tó ń sọ fún ẹni tó ń kọjá pé ohun báyìí ṣẹlẹ̀ níbí, lọ́dún báyìí, àwọn tó ṣe é nìyí. Kì í ṣe ère. Kì í ṣe òkúta ìpìlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí kì í ṣe òpè, n kò ní fi ìtumọ̀ dá yín dúró.

Ní London, láti ọdún 1863 ni wọ́n ti dá àbá pé kí wọ́n máa kan irú rẹ̀ mọ́ ara ilé àwọn ènìyàn pàtàkì. Ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, ọdún 1927 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rì í mọ́lẹ̀ létí títì, torí pé mọ́tò ti gbòde, ẹni tó wà nínú mọ́tò kì í sì í sọ̀ kalẹ̀ kó bi àgbàlagbà léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ má sọ pé nǹkan òyìnbó ni. Ẹ lọ sí Àgbádárìgì, ẹ ó rí ìrántí igi Àgíà, níbi tí ajíhìnrere Thomas Birch Freeman ti wàásù ní 1842. Igi náà wó ní 1959, ibẹ̀ ò sì di ìgbàgbé. Ẹ kọjá sí Ouidah ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, wọ́n to ère sí ojú ọ̀nà tí wọ́n gbà kó ẹrú lọ sétí òkun, títí dé ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní 1995. Ọ̀tà wa ńkọ́? Láti Toll Gate dé Oju-Ore, pátákó pọ̀ ju èrò lọ: ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ilé ìwé aládàáni, ti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ti aṣòfin tó ń kí wa kú ọdún nígbà tí ọdún ti kọjá tán. Èyí tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ rí lójú ọ̀nà yìí, n kò tíì rí i.

Toll Gate

Ẹ jẹ́ ká mú Toll Gate. Mo mọ̀ pé àwọn kan lára yín ti ń rẹ́rìn-ín, torí kò sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ tí n kì í dárúkọ rẹ̀. Ẹ fara dà á.

Kọ̀ńdọ́ dánfó á yọ orí síta ní Agége, á ní, “Toll Gate, Sango, Oju-Ore!” Ọmọ ogún ọdún á wọlé, á sọ̀ kalẹ̀ ní Toll Gate, kò rí géètì kankan, kò sì ní ta á lára. Láti 2004 ni ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ẹni tí oko tirẹ̀ gan-an wà ní Ọ̀tà níbí, ti fòpin sí owó tí wọ́n ń gbà lójú títì ìjọba àpapọ̀. Wọ́n wó géètì, orúkọ kọ̀, kò lọ.

Èmi mọ ìgbà tí géètì wà níbẹ̀. Ọkọ̀ á tò gẹẹrẹ, àwọn tó ń ta omi àti búrẹ́dì á máa sá tẹ̀ lé fèrèsé, awakọ̀ á máa bá ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì jà nítorí ṣéńjì. Mo máa ń fi tíkẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn sàmì sínú ìwé tí mo bá ń kà. Ọ̀pọ̀ ìwé mi ló ṣì ní wọn nínú títí dòní.

Àwọn kan ti bá mi jiyàn pé kò sí ohun tí a tún fẹ́ fi pátákó ṣe, kọ̀ńdọ́ ti tó ní òpìtàn. Kọ̀ńdọ́ ń gbìyànjú lóòótọ́. Àmọ́ ohun tí kọ̀ńdọ́ mọ̀ ni pé géètì wà níbẹ̀ rí. Ìdí tí géètì fi wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn, kò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ibodè ìpínlẹ̀ Èkó àti Ògùn ni ibẹ̀. Kí ìpínlẹ̀ Ògùn tó dé ní 1976, kí òyìnbó tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí pàápàá, ìlú Yorùbá kan kì í wà láìní bodè. Oníbodè á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á wo ẹrù oníṣòwò, á gba owó ẹyọ kó tó jẹ́ kó kọjá. Ọ̀tà kì í ṣe àbúlé tó sá pamọ́ sínú igbó. Orí ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Èkó ló wà. Ìyẹn ló sọ ọ́ di ìlú tí gbogbo ayé ń bá dọ́rẹ̀ẹ́, òun náà ló sì kó ogun bá a.

1842

Ní bí ọdún 1830 ni Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó, lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ àwọn ìlú wọn nínú igbó Ẹ̀gbá. Ìlú tuntun tí ọ̀tá yí ká kò lè ṣe láìní ìbọn, ẹ̀tù àti iyọ̀, etí òkun sì ni nǹkan wọ̀nyí ti ń wá. Ọ̀nà méjì ló lọ síbẹ̀. Ọ̀kan gba Ọ̀tà lọ sí Èkó, èkejì gba Adó-Odò lọ sí Àgbádárìgì. Ẹ wo nǹkan! Ìlú méjì tí ìjọba so pọ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo ní 1989 ló jókòó sí ojú ọ̀nà méjèèjì tí Ẹ̀gbá ń wá lójú méjèèjì.

Ní 1842, nígbà tí Ṣódẹkẹ́ jẹ́ olórí wọn, Ẹ̀gbá kó Ọ̀tà. Wọ́n kọjá lọ dó ti Adó-Odò, wọn ò sì ṣí kúrò níbẹ̀ títí di 1853. Gézò ọba Dàhòmì dìde ogun sí wọn ní àgbègbè Adó ní 1844, wọ́n lé e padà. Ẹ̀sín yẹn wà lára ohun tó gbé e dé odi Abẹ́òkúta ní March 1851. Ọdún 1842 kan náà, nínú oṣù December, ni Freeman wọ Abẹ́òkúta. Henry Townsend, ajíhìnrere bíi tirẹ̀, tẹ̀ lé e ní January 1843. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ òwò, ọ̀rọ̀ ìbọn, ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń rìn.

Ìjà orí pátákó wá dé. Ọ̀rẹ́ mi kan wà, ọmọ Ẹ̀gbá, àwa méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ olùkọ́ títí a fi fẹ̀yìn tì. Lójú tirẹ̀, bí a bá máa gbé pátákó kalẹ̀, ìlà kan ti tó: Ẹ̀gbá ṣẹ́gun Ọ̀tà, 1842. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà kan nílùú yìí, ọmọ Àwórì, ẹ̀yà Yorùbá tó ni Ọ̀tà. Bàbá ò bínú, ó kàn ní, “Ọmọ mi, ẹni tó bá gbé e síbẹ̀ láàárọ̀, kó wá gbé e lálẹ́.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti wà láàárín àwọn méjèèjì, tí n kò sì tẹ́ ọ̀kankan lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ n sọ tinú mi. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ fi ìdí ọ̀rọ̀ pamọ́. Ẹ̀gbá ní àwọn ará Ọ̀tà ń dá oníṣòwò àwọn lọ́nà, wọ́n ń jí wọn gbé. Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó bodè lójú ẹni tó ń gbà á, ìdigunjalè ni lójú ẹni tó ń san án. Ẹ bi awakọ̀ tí àwọn ọmọ agbèrò dúró dè lábẹ́ bíríjì Sango.

Ẹ tún wo àwọn tó kọ ìtàn náà sílẹ̀. Samuel Johnson parí ìwé rẹ̀ ní 1897, kò jáde títí di 1921. Àlùfáà ni ní Ọ̀yọ́, ojú Ọ̀yọ́ ló fi ń wo ayé. Saburi Biobaku tẹ ìwé tirẹ̀ lórí Ẹ̀gbá àti àwọn aládùúgbò wọn jáde ní 1957, ọdún 1842 gan-an ló sì fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Iṣẹ́ ńlá ni, mo ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Abẹ́òkúta ni Biobaku, Ọ̀tà sì wà lára “àwọn aládùúgbò”. Ìwé tí ọmọ Àwórì kọ lórí ogun náà, tó lè bá ti Biobaku dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, dà? Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀tà tí ẹ gboyè lórí ìtàn, tí ẹ ń kọ́ ìtàn àwọn aláwọ̀ funfun ní Yunifásítì, mo ń bá yín wí o, ẹ má wo ẹ̀yìn.

Ọ̀tà kò ṣàìní ẹlẹ́rìí. James White, ọmọ Sàró (Sierra Leone), wá síbí ní àwọn ọdún 1850 gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ Church Missionary Society (CMS). Ó pẹ́ láàárín àwọn ará Ọ̀tà, ó ń kọ ohun tó ń rí àti ohun tó ń gbọ́ ránṣẹ́ sí London. Àwọn ìwé CMS wọ̀nyẹn wà ní Yunifásítì Birmingham lónìí. Ọmọ Ọ̀tà tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn baba ńlá rẹ̀ sọ lójúde ara wọn, físà ló máa kọ́kọ́ wá.

Àwọn tó ní oríkì ti tó

Alága ìpàdé yìí ti ń wo aago, ẹ jẹ́ n yára. Àwọn kan ní Yorùbá kì í rántí nǹkan lára pátákó, oríkì àti ẹ̀fẹ̀ àti gẹ̀lẹ̀dẹ́ la fi ń rántí. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí a ń sọ yìí, UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 pé ìṣúra gbogbo ayé ni, Ọ̀tà sì mọ̀ ọ́n jó. N kò bá wọn jà. Àmọ́ ẹni tó gbọ́ èdè, tó sì wà nílé lóru tí wọ́n ń kọ ọ́, ni orin ẹ̀fẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀tà ti di ìlú àlejò. Ọmọ Benue tó ń jí lọ sí iléeṣẹ́ irin, ọmọ Edo tó wà ní Yunifásítì Covenant tàbí Bells, èrò ṣọ́ọ̀ṣì tó ń bọ̀ ní Canaanland, àwọn tó ń gba títì Ìdí-Ìrókò lọ sí Bẹ̀nẹ̀, ta ni yóò kì wọ́n ní oríkì Ọ̀tà?

Bí a ó ṣe ṣe é

Ẹ má fi irin ṣe é. Àgbègbè wa ni wọ́n ti ń yọ́ irin àlòkù. Pátákó irin tí ẹ bá gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kó tó di Ẹtì ó ti dé orí òṣùwọ̀n. Kọnkéré ni kí ẹ fi ṣe é, kí ẹ gbẹ́ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Yorùbá ni kó wà lókè, tòun ti àmì ohùn. Bí orúkọ ẹni tó ṣí i bá gùn ju ọ̀rọ̀ ìtàn lọ, ìpolongo ìbò ni. Àwọn iléeṣẹ́ lè san owó rẹ̀, kí wọ́n sì fi orúkọ wọn sí ìsàlẹ̀, ní kékeré.

Mo ti kọ ti Toll Gate: “Ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Èkó gba ilẹ̀ Ọ̀tà kọjá. Ní 1842 Ẹ̀gbá kó Ọ̀tà nítorí ọ̀nà náà. Ẹ̀gbá ní wọ́n ń dá oníṣòwò àwọn lọ́nà. Àwórì ní…” Mo dá ọwọ́ dúró síbẹ̀, torí ẹ̀yin ọmọ Ọ̀tà ò tíì sọ tiyín.

 

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Ẹ̀yin àgbà Ọ̀tà, ẹ pe ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ yín kan tó mọ̀ọ́kọ jókòó lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ní kó kọ ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu bàbá yín nípa ogun yẹn, bó ṣe dùn àti bó ṣe korò, kó mú un wá fún akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ṣètò òní. Ẹ̀yin ará ìjọba ìbílẹ̀, ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré la fẹ́ ní Toll Gate.