Àwòdì Ṣẹ́kù, Igún Lọ



Ẹni tó bá dúró ní òkè Mápó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó gbójú sókè, yóò rí àwòdì tó ń rà bàbà lórí páànù Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba. Igún ńkọ́? Ẹ bi àwọn àgbà Bẹyẹrúnkà. Wọn yóò sọ fún yín pé orí ààtàn àti ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran ni igún ń dúró sí nígbà kan, tí kì í sá féèyàn. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn kò rí i rí.

Ìbátan ni ẹyẹ méjèèjì. Àwọn méjèèjì ló ń jẹ òkú ẹran. Ṣùgbọ́n àwòdì tún ń mú eku, aláǹgbá, tata tó ń sá fún iná ìgbẹ́, àti òròmọdìẹ yín, mo mọ̀. Ọwọ́ igún mọ́ nínú ọ̀rọ̀ òròmọdìẹ. Síbẹ̀ òun ló jìyà jù. Àwòdì ń yé ẹyin méjì tàbí mẹ́ta; ẹyọ kan ṣoṣo ni igún ń yé lọ́dún. Bí a bá pa á, kì í tètè rọ́pò ara rẹ̀. A gé àràbà tó ń tẹ́ ìtẹ́ sí, a sì ń rí orí rẹ̀ lórí àtẹ lẹ́kùlẹ́jà.

Májèlé ló wá burú jù. Ní Guinea-Bissau, láàárín 2019 sí 2020, ó pa igún tó lé ní 2,000. Ní Íńdíà, diclofenac, oògùn ìrora tí wọ́n ń fún màlúù, fẹ́rẹ̀ẹ́ pa igún wọn tán kí ìjọba tó fòfin dè é fún ẹran ọ̀sìn ní 2006.

Mo mọ àgbẹ̀ kan tó bu májèlé sínú òkú adìẹ nítorí àwòdì. Ajá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kú. Àwòdì padà wá lọ́sẹ̀ kejì.

Nítorí náà, ẹ dé òròmọdìẹ mọ́ inú àgò, tàbí kí ẹ ta àwọ̀n bo ọgbà wọn títí wọn yóò fi dàgbà díẹ̀. Adìẹ tó bá kú, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn kí ẹ sin ín. Bí dókítà ẹran bá sì fẹ́ gún màlúù yín lábẹ́rẹ́ ìrora, ẹ bi í bóyá meloxicam wà lọ́wọ́; ìyẹn kì í pa igún.