Ọ́ìlì Tí Ń Jò: Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Àwọn Awakọ̀ àti Mẹkáníìkì Oshodi àti Isolo Sọ

Iṣẹ́ tí a rán mi sí yín lónìí kì í ṣe ti owó orí, kì í sì í ṣe ti ìwé àṣẹ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tí ń jò lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ni mo bá wá. Èmi fúnra mi kì í ṣe mẹkáníìkì. Akọ̀wé ìròyìn ni mí. Ohun tí ìwé àwọn tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì wí, àti ohun tí àwọn ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú ń ṣe, ni mo kó jọ láti sọ fún yín.

Bí ẹnikẹ́ni bá wo ilẹ̀ ibi tí ọkọ̀ akérò ń dúró sí láti Oshodi dé Isolo, yóò rí i pé ó dúdú, ó sì ń yọ̀. Ibùdókọ̀ ńlá alápá mẹ́ta tí ìjọba ṣí ní Oshodi ní ọdún 2019 mú kí ìdúró ọkọ̀ ní ètò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n kò sí ibùdókọ̀ tí ó lè dá ọ́ìlì dúró sínú ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ yín ni ìyẹn wà.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni í máa wí pé, “Ó kàn ń kán díẹ̀ ni, mo ń bu òmíràn sí i láràárọ̀.” Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó wà nínú díẹ̀ náà. Nínú ọkọ̀ Hiace tí púpọ̀ nínú yín fi ń ná ọ̀nà Mafoluku àti Okota, abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà. Awakọ̀ àti èrò iwájú jókòó lé e lórí bí ẹni jókòó lé àdògán. Bí ọ́ìlì bá ń jò láti ìdérí tapẹ́ẹ̀tì, ó lè kán sórí páìpù èéfín tí ó gbóná janjan. Èéfín ni yóò kọ́kọ́ rú. Bí a kò bá kà á sí, iná lè sọ. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ni gbogbo èrò tí ó wà lẹ́yìn yóò sì fẹ́ gbà jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí tí ó fara sin jù ni gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó wà láàrin hẹ́ẹ̀dì àti páìpù èéfín. Bí òun bá jó, afẹ́fẹ́ olóró yóò máa wọ inú ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ yìí kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn tirẹ̀. Orí yóò máa fọ́ àwọn èrò, oorun yóò máa kùn wọ́n, wọn yóò sì rò pé àárẹ̀ iṣẹ́ òòjọ́ ni. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí òjò ń rọ̀ tí a sì ti gbogbo fèrèsé, afẹ́fẹ́ náà lè pa ènìyàn. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń dún ta-ta-ta níbi páìpù èéfín nígbà tí ó tutù, ẹ má ṣe gbé èrò kí a tó wò ó.

Kí wá ni gásíkẹ́ẹ̀tì gan-an? Ẹ wo ìyá tí ń ta epo pupa. Kí ó tó dé kẹ́ẹ̀gì, yóò tẹ́ ọ̀rá sí ẹnu rẹ̀, yóò wá fún ìdérí mọ́ ọn. Ìdérí le, ẹnu kẹ́ẹ̀gì le; ọ̀rá tí ó rọ̀ ni ó dí àlàfo tí ó wà láàrin wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ́ńjìnnì. Irin méjì, bí ó ti wù kí wọ́n dán tó lójú wa, òkè àti kòtò kéékèèké ń bẹ lára wọn. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni a fún sí àárin wọn kí omi má ṣe bọ́ sínú ọ́ìlì, kí ọ́ìlì má ṣe bọ́ síta, kí agbára iná inú sílíńdà má sì ṣe sá lọ. Síìlì ní tirẹ̀ ń ṣọ́ ibi tí irin kan ń yí nígbà tí èkejì dúró jẹ́ẹ́, irú bí iwájú àti ẹ̀yìn kíráńkì. Ọgbọ́n tí a fi ń de ọ̀kan kọ́ ni a fi ń de èkejì.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ọ̀ràn ọkọ̀ ògbólógbòó nìkan ni èyí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1986, ọkọ̀ Challenger tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ rán lọ sí òfuurufú fọ́ yángá lójú sánmà ní ìṣẹ́jú àáyá 73 lẹ́yìn tí ó gbéra, àwọn ènìyàn 7 tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Òrùka rọ́bà tí ó yẹ kí ó dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́, nítorí òtútù òwúrọ̀ ọjọ́ náà ti mú kí ó le. Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Feynman, tí ó wà lára ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ọ̀ràn náà, ki irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ bọ omi dídì lójú gbogbo ènìyàn, ó sì fi hàn pé kì í tètè padà sípò bí a bá ti fún un pọ̀.

Níbi tiwa, òtútù kọ́ ni ọ̀tá rọ́bà, ooru ni. Rọ́bà dúdú tí a ń pè ní nitrile lè fara da ooru tó ìwọ̀n 100 sí 120 lórí Celsius. Bí ó bá ń kọjá bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, yóò gan, yóò sì là bí awọ gbígbẹ. Silicone àti Viton lè fara da tó ìwọ̀n 200. Nítorí náà, síìlì méjì lè jọ ara wọn lórí àtẹ, kí owó wọn yàtọ̀, kí ìdí tí ó fi yàtọ̀ sì wà níbẹ̀.

Ọjà Ladipo kò jìnnà sí yín. Ẹni tí ó bá ti Oshodi gba ọ̀nà Apapa, ibùdókọ̀ Toyota ni yóò bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yà ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀ rẹpẹtẹ, ojúlówó ń bẹ, ayédèrú ń bẹ. Ẹ má ṣe wí fún ọlọ́jà pé, “Fún mi ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì Hiace.” Hiace wo? Ẹ́ńjìnnì 1RZ wà nínú Hiace, 2RZ wà nínú Hiace, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Ṣùgbọ́n ihò sílíńdà 1RZ fẹ̀ ní 86 mm, ti 2RZ fẹ̀ ní 95 mm. Bí a bá fi gásíkẹ́ẹ̀tì ti àkọ́kọ́ sórí èkejì, etí rẹ̀ yóò yọ sínú ihò náà, iná yóò sì máa jó o títí yóò fi bàjẹ́. Nọ́ńbà tí a tẹ̀ sí ara ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ kọ sínú ìwé lọ sí ọjà, nítorí ó lè jẹ́ pé a ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà rí kí ó tó dé ọwọ́ yín.

Ẹ mú gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lọ pẹ̀lú. Ẹ gbé e lé tuntun, kí ẹ gbé méjèèjì sókè síhà oòrùn. Ihò bọ́ọ̀tì, ihò omi àti ihò ọ́ìlì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Ti ẹ́ńjìnnì díísù tún ní ìṣòro kan sí i: nínú ọ̀pọ̀ wọn, oríṣi nínípọn méjì tàbí mẹ́ta ni a ṣe, ihò kéékèèké tàbí gígé tí ó wà létí ni a fi ń dá wọn mọ̀. Bí ẹ bá mú èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, písítínì lè kan hẹ́ẹ̀dì. Ní ti síìlì, nọ́ńbà mẹ́ta ni ẹ ó sábà rí lára rẹ̀, bí 35, 50 àti 8. Èkínní ni ìwọ̀n irin tí ń yí, èkejì ni ìwọ̀n ihò tí síìlì yóò wọ̀, ẹ̀kẹta ni nínípọn rẹ̀, ní mílímítà.

Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kò burú láti rà. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí a ti fún rí ni kí ẹ má ṣe rà láé, nítorí ó ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní tẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá sì ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, ẹ pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn kíráńkì kí ẹ tó gbé e sínú ọkọ̀. Owó kékeré ni nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀. Bí ó bá jò lẹ́yìn náà, a ó tú gíà sílẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì tí ọ́ìlì ti mu yóò sì di ohun ìnáwó mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ níhìn-ín tí mo fẹ́ kí á dúró lé lórí, èyí ni tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, tí omi rédíétọ̀ ń dínkù tí a kò sì rí ibi tí ó ń gbà, tàbí tí ó ń yọ ìfófòó nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó ti jó. Ohun tí ó jó o ni kí a kọ́kọ́ wá. Nígbà púpọ̀, ooru àpọ̀jù ni: rédíétọ̀ ti dí, fáànù kò yí dáadáa, tàbí a ti yọ tẹmosítáàtì sọnù nítorí pé ẹnìkan wí pé ilẹ̀ wa kò tutù. Ẹ dá tẹmosítáàtì padà sí àyè rẹ̀. Ṣíṣe ni ilé iṣẹ́ ṣe é kí omi lè ṣàn ní ìwọ̀n tí ó yẹ. Hẹ́ẹ̀dì alumíníọ̀mù ń fẹ̀ nínú ooru tó ìlọ́po méjì irin búlọ́ọ̀kù. Nígbà tí ooru bá pọ̀ jù, òun ni yóò tẹ̀.

Ẹ má ṣe tú hẹ́ẹ̀dì nígbà tí ó gbóná. Láti etí wá sí àárin ni a ń tú bọ́ọ̀tì, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń há ojú irin, ẹ fi igi tàbí ike há alumíníọ̀mù. Ẹnu sukurudíráfà máa ń fa ilà sí i, ojú ilà náà ni omi yóò sì gbà. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé irin gígùn tí ó tọ́ lé ojú hẹ́ẹ̀dì, ní gígùn, ní ìbú, àti láti igun dé igun, kí ẹ fi abẹ ìwọ̀n wo abẹ́ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré, 0.05 mm ni ìwé wọn gbà láàyè, ó sì tín-ín-rín ju irun orí lọ. Ojú lásán kò lè rí i. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ fá ojú hẹ́ẹ̀dì.

Ẹ nu inú ihò bọ́ọ̀tì títí yóò fi gbẹ. Omi tàbí ọ́ìlì tí ó bá kù nísàlẹ̀ ihò kò ní ibi tí yóò sá sí nígbà tí bọ́ọ̀tì bá ń wọlé. Ó lè la búlọ́ọ̀kù. Láti àárin lọ sí etí ni a ń fún bọ́ọ̀tì, ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn bọ́ọ̀tì kan wà tí wọ́n ń gùn sí i bí a bá ti fún wọn. Ìwé ẹ́ńjìnnì yóò sọ bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ra tuntun. Mo bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ àgbà, mo sì mọ̀ pé ọ̀gá tí ó ti ṣe iṣẹ́ yìí ní ọgbọ̀n ọdún lè mọ ohun tí ó tó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òwúrọ̀ kì í dọ́gba pẹ̀lú ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ kò sì dà bí ti ọ̀gá rẹ̀. Sípánà onídíwọ̀n, èyí tí ń ka agbára tí a fi fún bọ́ọ̀tì, kì í rẹ̀. Bí ó bá wọ́n fún ẹnìkan, ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin tàbí márùn-ún lè dá owó jọ ra ọ̀kan.

Ní ti góòmù, mo ti rí ẹ́ńjìnnì tí góòmù tú jáde ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí èérún ẹ̀kọ, ọmọ iṣẹ́ náà sì ń yọ̀ pé iṣẹ́ ti pé. Ohun tí ó yọ síta kò léwu; èyí tí ó yọ sínú ni kí ẹ bẹ̀rù. Yóò já, yóò bá ọ́ìlì lọ, yóò sì dí ẹnu asẹ́ tí ẹ̀rọ fi ń fa ọ́ìlì nínú sọ́ọ̀mpù. Ẹ́ńjìnnì yóò kú, a ó sì máa wí pé ọ́ìlì tí a rà ni kò dára. Níbi tí ìwé bá ti pàṣẹ góòmù, ìlà kan tí ó tó 3 mm ti tó, kí a sì fún un ní àkókò tí a kọ sára túùbù láti gbẹ. Ẹ má ṣe fi sí ara tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, àfi níbi tí ẹni tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì bá sọ.

Síìlì ọ́ìlì kò fẹ́ òòlù. Ètè tí ó ní sípíríǹgì ni a ń kọ sí ọ̀dọ̀ ọ́ìlì. Ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á létè, àyàfi irú funfun tí kò ní sípíríǹgì, tí a kọ sára páálí rẹ̀ pé kí a fi wọlé ní gbígbẹ. Ẹ fi páìpù tí ó bá etí rẹ̀ mu tì í wọlé ní ọgbọọgba. Bí èékánná yín bá kọ́ kòtò lára irin níbi tí síìlì àtijọ́ ti ń gùn ún, síìlì tuntun yóò jò bí ti àtijọ́, àfi kí a wọ òrùka irin fún un. Ẹ tún wo páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Bí ìdọ̀tí bá dí i, afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì yóò máa ti ọ́ìlì jáde. Ẹ lè pààrọ̀ síìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí jíjò náà má sì dáwọ́ dúró.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ gbọ́ eléyìí. Nínú gásíkẹ́ẹ̀tì àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́, asbestos wà. Eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi fi òfin dè é pátápátá ní ọdún 1999. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó há a, ẹ má sì ṣe fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo oríkèé rẹ̀. Ní alẹ́, ẹ tẹ́ páálí mímọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ẹfun sàmì sí ibi tí táyà iwájú wà. Bí páálí bá ní àbàwọ́n ní òwúrọ̀, ẹ wá ibi tí ó ga jù tí ó tutù lára ẹ́ńjìnnì, nítorí ọ́ìlì máa ń rìn kí ó tó kán. Ọ̀gá mẹkáníìkì kan ti gbé hẹ́ẹ̀dì àti sípánà onídíwọ̀n wá sórí tábìlì yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbéèrè, ẹ sún mọ́ iwájú kí ó lè fi bí a ti ń lò ó hàn yín.