Lágelú àti Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Onírù Mẹ́sàn-án

 

Níwájú ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ṣáàjì fóònù, níbí ní Ìyànà-Ọ̀fà, ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan, kò lè ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, jókòó sórí bẹ́ǹṣì, fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán wà lórí itan rẹ̀. Ó ń pa ìka mọ́ra, ó ń tú u, ó tún ń pa á mọ́ra lọ́nà mìíràn. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní, "Ẹ káàsán, sà. Naruto ni. Bó ṣe ń ṣe é tí agbára fi ń jáde nìyẹn." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ onírù mẹ́sàn-án tí wọ́n sé mọ́ inú ọmọ jòjòló kan, bí àwọn ará abúlé ṣe ń yẹra fún ọmọ náà, àti bó ṣe di olórí wọn nígbẹ̀yìn. Ó mọ orúkọ ìyá ọmọ yẹn, ó mọ ti bàbá rẹ̀. Inú mi dùn, nítorí ọmọ tó lè rántí ìtàn tó bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ pé. Mo wá bi í pé, "Ta ni Lágelú?" Ó wò mí lójú. "Orúkọ káńsù wa ni, sà."

N kò bá a wí. Kò sẹ́ni tó ya Lágelú fún un rí.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí Naruto ti wá. Masashi Kishimoto ló yà á. Wọ́n bí i ní 1974, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Nagi ní agbègbè Okayama, lórílẹ̀-èdè Japan. Ní September 1999, ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Weekly Shonen Jump, kò sì parí títí di November 2014. Nígbà tí wọ́n dì í pọ̀, ó di ìwé 72. Ẹ̀dà tó ti tà káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 250.

Kí ló wà nínú rẹ̀? Ìtàn ìdílé wọn ni. Àwọn ará Japan ní ìwé àtijọ́ kan, Kojiki, tí wọ́n kọ ní 712. Ìwé náà sọ pé òrìṣà wọn kan, Izanagi, ti ọ̀run àwọn òkú dé, níbi tó ti lọ wá ìyàwó rẹ̀, ó wá lọ wẹ ara rẹ̀ mọ́ nínú odò. Bó ṣe fọ ojú òsì, Amaterasu, tó ni oòrùn, jáde. Bó ṣe fọ ojú ọ̀tún, Tsukuyomi, tó ni òṣùpá, jáde. Nígbà tó fọ imú, Susanoo, oníjì, bọ́ síta. Ẹ wá wo ohun tí Kishimoto ṣe. Ó mú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi sọ agbára tó ń ti ojú ọ̀dọ́kùnrin kan, Itachi, jáde. Ojú ni méjì nínú wọn ti wá nígbà ìwáṣẹ̀, ojú ló dá gbogbo wọn padà sí. Kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni, ó kàn gbé ìbànújẹ́ lé Itachi lórí débi pé èèyàn á fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ọmọ Ìyànà-Ọ̀fà wá ń pe orúkọ oòrùn àwọn ará Japan láìmọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé bí a bá ya Ṣàngó tàbí egúngún fún ọmọ, ìbọ̀rìṣà la fi ń kọ́ ọ. Mi ò fojú kéré ẹ̀rù yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yín tó ń pariwo Amaterasu ní gbàgede, oòrùn kọ́ ni wọ́n ń bọ.

Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ àwọn ará Japan yìí ni bí wọ́n ṣe ń tẹ Weekly Shonen Jump. Bébà olówó pọ́ọ́kú, tàdáwà dúdú, èdè Japan. Wọ́n máa ń fi káàdì kékeré sínú ìwé ìròyìn náà. Ọmọ tó bá rà á á kọ ìtàn mẹ́ta tó dùn mọ́ ọn jù sí i, á fi ránṣẹ́. Èyí tí àwọn ọmọ kò bá dìbò fún, wọ́n á gé e. Ní nǹkan bí 1995, ẹ̀dà ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Àwọn ọmọ ilé ló kọ́kọ́ jẹ́ adájọ́. Ìgbà tí ọbẹ̀ ti jinná nílé ni àwọn ará òde ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóòórùn rẹ̀: 2005 ni Cartoon Network ní Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Naruto hàn lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ ó rántí ìwé ìròyìn Atọ́ka. Láyé 1970, ilé iṣẹ́ West African Book Publishers ń tẹ̀ ẹ́ jáde: fọ́tò àwọn òṣèré alárìnjò wa, ọ̀rọ̀ wọn lẹ́bàá ẹnu wọn, Yorùbá pọ́ńbélé. Mo rántí ọ̀kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya nílé wa, tí gbogbo agbo ilé ti kà, tí àtùpà ti ta epo sí ojú-ìwé àárín. A dúró de èyí tó tẹ̀ lé e bí ẹni dúró de àlejò. A ní in lọ́wọ́, a jẹ́ kó bọ́.

Lóde òní, àwọn ọmọ wa ti ń gbìyànjú, mo sì yìn wọ́n tọkàntọkàn. Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Amẹ́ríkà, kọ Iyanu: Child of Wonder, Godwin Akpan sì yà á. Ilé iṣẹ́ Dark Horse tẹ̀ ẹ́ ní 2021. Ní April 2025, ó di fíìmù àwòrán lórí Cartoon Network, ilé kan náà tó gba Naruto lálejò. Ọmọbìnrin aláìlóbìí tó ń jẹ́ Ìyanu, ilẹ̀ Yorùbá, àwọn Tóyè àti Bíyì: èmi tí mo wò ó, ara mi wú. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀nà jíjìn ló sì ti ń bọ̀. Ọmọ orí bẹ́ǹṣì yẹn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Bẹ́ẹ̀ ìtàn wà nílẹ̀ yìí. Ọba Isaac Babalọlá Akínyẹlé ti kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn lédè Yorùbá láti 1911. Àwọn àgbà sọ pé jagunjagun láti Ilé-Ifẹ̀ ni Lágelú, òun ló tẹ Ìbàdàn àkọ́kọ́ dó sí ẹ̀bá ọ̀dàn. Lọ́jọ́ ọdún egúngún, wọ́n tú aṣọ lórí egúngún láàárín ọjà, tobìnrin tọmọdé fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ogun dé, ìlú run. Lágelú àtàwọn ọmọ rẹ̀ sá gun orí òkè, èso òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ, ìkarahun ìgbín ni wọ́n fi ń mu ẹ̀kọ. Nínú Naruto, obìnrin alágbára kan wà, Tsunade, tó ń gun ìgbín aláìníkarahun tó tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Inú ìtàn àtijọ́ wọn ni Kishimoto ti rí i. Wọ́n kọ́ akọni sórí ìgbín. Àwa tí ìgbín gbà là lórí òkè, kí la tíì yà?

Mo ra ìwé ẹsásáìsì àti báírò fún ọmọ náà, mo sọ ìtàn yìí fún un. Lọ́sẹ̀ kejì ó gbé ojú-ìwé mẹ́rin wá. Lágelú wé aṣọ mọ́ iwájú orí bíi Naruto, ìkarahun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ èéfín ń yọ láti ìlú nísàlẹ̀. Ó fi Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ sẹ́nu gbogbo wọn, kò fi àmì sí i, ṣùgbọ́n mo kà á já. Ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ló ṣófo, egúngún tí wọ́n tú aṣọ rẹ̀. Ó yí róbótó sí ẹ̀bá ẹnu rẹ̀, kò kọ nǹkan kan sínú rẹ̀.

Ó ní, "Sà, kí ló sọ nígbà tí wọ́n tú u?"

Mi ò rí èsì fún un. Ojú-ìwé náà ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Ẹ̀yin mọ́gàjí, ẹ̀yin ojẹ̀ tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn, mo bẹ̀ yín, kí ló sọ?