FÍFI ÀWÒRÁN SỌ̀RỌ̀: Ẹ JẸ́ KÍ ẸNI TÍ A Ń WÒ DI AYÀWÒRÁN

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa

Lọ́dọọdún ni a ń jíròrò níhìn-ín nípa ọ̀nà, omi àti ilé-ẹ̀kọ́. Lónìí, a bẹ̀ yín kí ẹ fún wa láyè láti sọ̀rọ̀ nípa àwọn ará wa tí kì í sábà wá sí irú ìpàdé báyìí, èyíinì ni àwọn tí ojú wọn yàtọ̀.

Àwọn wo ni wọ́n? Ọmọ tí ètè òkè rẹ̀ là láti inú oyún jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Káàkiri ayé, ọmọ 1 nínú nǹkan bí 1,000 sí 1,500 ni a ń bí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí iná jó lójú wà nínú wọn. Ẹni tí àrùn noma bá jà wà nínú wọn pẹ̀lú. Noma a máa bẹ̀rẹ̀ bí egbò ní erìgì ọmọ tí kò rí oúnjẹ tí ó dára jẹ, àwọn ọmọ ọdún 2 sí 6 ni ó sì ń mú jù. Láìpẹ́, a jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti egungun ojú. Kì í ràn, bí a bá sì tètè rí i, oògùn lè dá a dúró. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í kún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a kò náání. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ó jẹ́ èpè tàbí ẹ̀ṣẹ̀ ìyá ọmọ.

Àwọn baba wa ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Níbo wá ni ọ̀rọ̀ ẹni tí a kò fẹ́ wo ojú rẹ̀ yóò wà? Wọ́n tún kọ́ wa pé a kì í ka ìka ẹsẹ̀ oníka-mẹ́sàn-án lójú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ọmọdé ń tẹjú mọ́ ẹni bẹ́ẹ̀, àgbà ń gbójú kúrò lára rẹ̀, kò sì sí nínú àwọn méjèèjì ẹni tí ó gbọ́ ti ẹnu rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà gbọ́ ọ. Ní àwọn ọdún 1990, ní agbègbè Yunnan ní ilẹ̀ Ṣáínà, Caroline Wang àti Mary Ann Burris fi kámẹ́rà lé àwọn obìnrin abúlé 62 lọ́wọ́. Àwọn obìnrin náà ya àwòrán iṣẹ́ wọn, ilé wọn àti ọmọ wọn, wọ́n sì ṣàlàyé wọn fún àwọn aláṣẹ. Lára ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde ni ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ètò fún àwọn agbẹ̀bí, àti owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọbìnrin. Láti ìgbà náà ni a ti ń lo ọ̀nà yìí láti mọ ìgbésí-ayé àwọn aláìsàn àti àwọn tí ojú wọn yàtọ̀.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. A ó kó ènìyàn díẹ̀ tí ó fẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ. A ó kọ́ wọn ní lílo kámẹ́rà, a ó sì kọ́ wọn pé kí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí wọn yóò yà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, olúkúlùkù yóò mú àwòrán tí ó fẹ́ràn jù wá, a ó sì bi í ní ìbéèrè márùn-ún: Kí ni a rí níhìn-ín? Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an? Báwo ni ó ṣe kan ayé wa? Kí ló fà á? Kí ni a lè ṣe sí i? Níkẹyìn, a ó pe ọba, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá wò ó.

Ẹ kíyè sí i pé kò di dandan kí ẹni náà ya ojú ara rẹ̀. Ó lè ya àga ẹ̀yìn pátápátá tí ó ń jókòó sí ní kíláàsì. Ó lè ya dígí tí a dojú rẹ̀ kọ ògiri, tàbí àyè tí ó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó sì lè ya ọ̀rẹ́ tí ó ń bá a jẹun nínú àwo kan náà, nítorí ayé rẹ̀ kì í ṣe ìbànújẹ́ nìkan. Ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni: ohun tí àwa rò pé ó ń dùn ún lè máà jẹ́ èyí tí ó ń dùn ún gan-an.

Ó pẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ti ń ya àwòrán wọn láti fi tọrọ owó. Ó yàtọ̀ nígbà tí ẹni náà bá sọ ti ara rẹ̀. Ẹ wo Mulikat Ọ̀kánlàwọ́n, tí noma mú ní kékeré, tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní Ilé Ìwòsàn Noma ní Ṣókótó, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1999. Ó di òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà, òun àti Fidel Strub, ọmọ Burkina Faso, sì dá ẹgbẹ́ Elysium sílẹ̀ fún àwọn tí noma kò pa.

A gbọ́dọ̀ ṣọ́ra pẹ̀lú. Ẹni tí ó ya àwòrán ni ó ni ín. Bí ó bá ní kí a má fi han ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ parí. Àwòrán tí a bá ti fi fóònù ránṣẹ́ dà bí ẹyin tí ó bọ́. Kò ṣeé kó jọ mọ́.

Nítorí náà, a bẹ ẹgbẹ́ yìí ní ohun mẹ́ta. Kí ẹ̀ka ilé yan ìgbìmọ̀ kékeré, kí àwọn tí ojú wọn yàtọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà fi kámẹ́rà tàbí fóònù tí ẹ kò lò mọ́ ránṣẹ́. Kí a sì ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn òbí, nítorí Smile Train ń gba ìnáwó iṣẹ́ abẹ ètè lílà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ìyá tí kò ní owó ọkọ̀ kò lè dé ibẹ̀.

Ìlú tí ó ń tẹ̀ síwájú tí apá kan àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi ọwọ́ bo ojú kò tíì tẹ̀ síwájú tán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ohun tí ojú wọn ń rí hàn wá. Kí Ọlọ́run gbé ìlú wa ga.