Àwọn Ọ̀dọ́mọbìnrin Wa àti Àrùn Éèdì: Ta Ni Ó Ń Bá Wọn Kọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ ìlọsíwájú ìlú

A ní kí àwa olùkọ́ wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin wa. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni lójú ọ̀pọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọdọọdún ni a ń jíròrò lórí ọ̀nà ọ̀dà, iná mànàmáná àti gbọ̀ngàn ìlú. Ó tọ́ kí a jíròrò pẹ̀lú lórí àwọn ìyá ọ̀la tí yóò bí àwọn tí yóò lo nǹkan wọ̀nyí.

Ọdún 1986 ni a kọ́kọ́ kéde pé àrùn éèdì ti wọ Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà á gbọ́ títí di ọdún 1997, nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó Kútì kú, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó ti ṣe mínísítà ètò ìlera, sì sọ ní gbangba pé éèdì ni ó fa ikú náà. Ìwà akọni ni èyí. Nígbà náà, kò sí ẹni tí ó lè bá wa jà pé a pe àrùn náà ní kògbóògùn. Ṣùgbọ́n lónìí, orúkọ náà ti di irọ́. Lóòótọ́, kò tíì sí òògùn tí gbogbo ènìyàn lè lò tí yóò lé kòkòrò náà kúrò nínú ara pátápátá. Ṣùgbọ́n òògùn wà tí ń dè é mọ́lẹ̀, láti ọdún 2006 sì ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹni tí ó bá ń lò ó déédéé, tí àyẹ̀wò kò sì rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń ní ìbálòpọ̀. Bí aláboyún tí ó ní kòkòrò náà kò bá gba ìtọ́jú, nínú 100 irú ọmọ bẹ́ẹ̀, láti 15 dé 45 ni ó lè kó o; bí ìyá àti ọmọ bá gba ìtọ́jú, wọn kì í tó 5. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ kògbóògùn sílẹ̀. Ọmọ tí a bá sọ fún pé àrùn kan kò gbóògùn kò ní wá òògùn rẹ̀ lọ.

Ìwádìí tí ìjọba ṣe ní ọdún 2018, tí a gbé jáde ní 2019, fi hàn pé nínú 1,000 obìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 15 sí 49, bí 19 ni ó ní kòkòrò náà. Nínú 1,000 ọkùnrin, bí 9. Láàrin àwọn ọmọ ọdún 20 sí 24, ti obìnrin ju ìlọ́po mẹ́ta ti ọkùnrin lọ. Kí ni ìdí rẹ̀? Èkíní, bí Ọlọ́run ti dá ara obìnrin, kòkòrò náà tètè ń rí ọ̀nà wọ inú rẹ̀, pàápàá bí àtọ̀sí tàbí egbò kan bá ti wà níbẹ̀ tí a kò tọ́jú. Èkejì, kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn nìkan ni àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ń bá rìn. Àwọn àgbàlagbà wà níbẹ̀ tí wọ́n ti mọ obìnrin púpọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọmọ tí ó lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ tàbí irun ṣíṣe ní Àkúrẹ́, tí ẹnìkan ń san owó yàrá fún, tí ó ra fóònù fún, báwo ni yóò ṣe sọ fún onítọ̀hún pé kí ó lo rọ́bà?

Nígbà tí Èkìtì ṣì wà nínú Ìpínlẹ̀ Òǹdó, kí ó tó dá dúró ní ọdún 1996, Ọ̀jọ̀gbọ́n I. O. Orubuloye pẹ̀lú John Caldwell àti ìyàwó rẹ̀ Pat, láti Ọsirélíà, ṣe ìwádìí lórí ọ̀ràn yìí gan-an ní agbègbè Èkìtì. Ohun tí wọ́n kọ jáde ní ọdún 1993 ni pé obìnrin Yorùbá tí ó lọ́kọ lágbára láti kọ̀ fún ọkọ rẹ̀ bí ọkọ náà bá ní àrùn ìbálòpọ̀. Èyí kò ya àwa lẹ́nu. Ìyá wa tí ń tọ́mọ lọ́wọ́ kì í sùn ti ọkọ, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí. Ó ní ọjà tirẹ̀. Bí ọkọ bá ni ín lára jù, ó lè padà sí ilé bàbá rẹ̀, ọkọ ni yóò sì wá bẹ̀bẹ̀. Kì í ṣe ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó fi ń kọ̀. Agboolé ń bá a kọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 18 tí ó dá wà nínú yàrá kan ní Àkúrẹ́ tàbí ní Òǹdó, ta ni ó ń bá a kọ̀? Ìbéèrè tí a gbé wá síwájú yín lónìí nìyí.

Àwa olùkọ́ ní ìpín tiwa. Láti ọdún 2003 ni ẹ̀kọ́ nípa ìgbé ayé ẹbí àti éèdì ti wọ ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2022, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà pàṣẹ pé kí a yọ ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ kúrò nínú ti ilé ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. A kò wá síhìn-ín láti bá ìjọba jà. Ṣùgbọ́n bí ilé ẹ̀kọ́ bá dákẹ́, tí òbí dákẹ́, tí wòlíì àti àlùfáà dákẹ́, ẹni tí ó fẹ́ tan ọmọ náà nìkan ni yóò kù tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ẹ̀kọ́ yìí ni yóò ti ọmọ síta. Àjọ UNESCO ti gbé ọ̀pọ̀ ìwádìí yẹ̀ wò káàkiri ayé, wọn kò sì rí i pé ẹ̀kọ́ yìí ń mú ọmọ tètè bẹ̀rẹ̀ ìbálòpọ̀. Ẹni tí ó fi kòtò han ọmọ kò rán an pé kí ó kó sínú rẹ̀.

Kí ni ó yẹ kí ọmọbìnrin wa mọ̀? Kí ó mọ̀ pé sùúrù kì í ṣe ìwà òmùgọ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ lè dúró dè é. Kí ó mọ̀ pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tọ́ sí àwọn méjèèjì kí wọ́n tó súnmọ́ ara wọn, àti pé rọ́bà ń dènà kòkòrò yìí, ó ń dènà oyún pẹ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ipá bá a lò, tàbí tí rọ́bà bẹ́, kí ó sáré lọ sí ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé. Òògùn wà tí yóò lò fún ọjọ́ 28. Òògùn oníhóró wà pẹ̀lú tí ẹni tí kò tíì ní kòkòrò náà lè máa lò kí ó má baà ní i. Ní ọdún 2024, a gbọ́ àbọ̀ ìdánwò abẹ́rẹ́ kan tí ń jẹ́ lenacapavir, tí a ń gbà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: nínú àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ju 2,000 lọ tí wọ́n gbà á ní South Africa àti Uganda, ẹnìkan ṣoṣo kò kó kòkòrò náà. Bí ó bá lóyún, kí ó forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò, ìbáà ṣe ilé àgbẹ̀bí ìjọ ni ó fẹ́ bí sí.

Ohun tí a ń bẹ ẹgbẹ́ yìí pé kí ó ṣe kò ju mẹ́rin lọ. Èkíní, kí a yan àwọn ìyá àti àwọn nọ́ọ̀sì tí ẹnu wọn pamọ́, tí ọmọbìnrin kan lè lọ bá láìbẹ̀rù òfófó. Èkejì, kí ẹ̀ka wa ní Àkúrẹ́ àti ní Òǹdó mọ ibi tí ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan tí ó lọ kọ́ṣẹ́ ń gbé, kí a sì ní àpò kékeré kan tí a ó máa yá wọn lówó yàrá, kí owó ilé má baà sọ wọ́n di ẹrú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹta, kí a bọ̀wọ̀ fún àṣírí ẹni tí ó ní kòkòrò náà. Òfin ọdún 2014 kò gbà kí a lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ní ilé ẹ̀kọ́ nítorí rẹ̀. Ẹ̀kẹrin kan ẹ̀yin ará wa lẹ́yìn odi. Ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ sí òkèèrè dúró láti yẹ̀ ẹ́ wò, ọkàn ọ̀pọ̀ aláìsàn sì pòrúurùu. Ohun tí a bá fi ọwọ́ ara wa ṣe ni ó dá wa lójú. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti Oṣù Kẹwàá ọdún 2012 ni ìtọ́jú àrùn yìí ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ẹni tí ń gbé níbẹ̀, ìbáà ní ìwé ìgbélùú, ìbáà má ní. Ẹ má fi ìbẹ̀rù ìwé pa ara yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀yin bàbá. Àwọn ọkùnrin tí a ti ń mẹ́nu bà láti ìṣáájú kì í ṣe àjèjì. Ọmọ ẹlòmíràn tí a ń tàn ní Àkúrẹ́, ìlú kan ni ó bí i, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti bí tiwa. Bí a bá fẹ́ kí agboolé dúró ti ọmọ wa, kí àwa náà má ṣe jẹ́ ẹni tí agboolé ẹlòmíràn ní láti dúró dè.

A kò fẹ́ fa ọ̀rọ̀ gùn. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kí gbogbo wa fi ojú ṣọ́ àwọn ọmọ wa. Kí Ọlọ́run dá ìlú wa sí, kí ó má fi ọmọ gba ọmọ lọ́wọ́ wa.