Ta Ni Yóò San Owó Màlúù Tó Ń Ṣàìsàn?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)

Nígbà tí a ní ọ̀rọ̀ ikọ́ ife àwọn màlúù ni a fẹ́ sọ lónìí, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé a ti di dókítà ẹran ni. A kò bínú. Ṣùgbọ́n nínú wa ni ẹni tó ń fi tírélà kó màlúù láti Òkè Ọya wá sí Ìbàdàn àti Èkó wà. Nínú wa ni àwọn ọmọkùnrin tó ń sùn láàrin ẹran lójú ọ̀nà wà. Nínú wa náà ni ẹni tó ń ra fùkù lọ́wọ́ alápatà nígbà tí owó oṣù kò bá tíì jáde.

Kòkòrò tó ń fa àrùn yìí lára màlúù àti èyí tó ń fa jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ lára ènìyàn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Màlúù tó ní in lè sanra, kí ara rẹ̀ máa dán, kó má wúkọ́ rárá fún ìgbà pípẹ́, síbẹ̀ kó máa mí àrùn sára àwọn yòókù nínú agbo. Ènìyàn lè kó o nínú wàrà tí a kò sè. Ẹni tó ń bá ẹran gbé, tàbí tó ń là á, lè fà á símú. Bó bá ti inú wàrà wọlé, ọrùn ọmọdé ló sábà máa ń wú, tàbí kó wọ eegun. Ohun tó tún burú ni pé ọ̀kan nínú oògùn mẹ́rin tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ikọ́ ife, èyí tí wọ́n ń pè ní pyrazinamide, kò lè pa kòkòrò ti màlúù yìí.

Ẹran tí àrùn yìí bá mú, wọn kì í fi oògùn tọ́jú rẹ̀. Pípa ni wọ́n ń pa á. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ti wọ̀ ọ́.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1917 ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò láti lé àrùn náà kúrò. Nígbà náà, nínú 100 màlúù, bíi 5 ló ní in. Tuberculin ni wọ́n fi ń dán ẹran wò. Koch, dókítà ará Jámánì, ló gbé e jáde ní 1890, ó rò pé oògùn ikọ́ ife ni. Kò wo ẹnikẹ́ni sàn, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí kòkòrò wà lára rẹ̀! Wọ́n á gún un sí awọ ìdí ìrù, dókítà ẹran á padà wá wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Bí ojú abẹ́rẹ́ bá wú, ilé ìpẹran ló kù. Ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ á san apá kan owó ẹran náà fún olówó rẹ̀, ohun tó bá sì rí lórí ẹran náà ní ilé ìpẹran jẹ́ tirẹ̀.

Nígbà tó fi di 1931, ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀, ohun tí àgbẹ̀ ń tà kò mówó wá mọ́. Ní Cedar County, ní ìpínlẹ̀ Iowa, àwọn àgbẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ pé dókítà kankan kò ní fọwọ́ kan màlúù àwọn. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ náà ń purọ́. Wọ́n ní owó tí ìjọba ń san kò tó. Wọ́n sì bèèrè pé bí ẹran náà bá burú tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n tún ń tà á fún ará ìlú jẹ? Gómìnà Dan Turner kó sójà lọ bá wọn, lábẹ́ ìbọn ni wọ́n sì fi dán màlúù wò.

Ní tiwa, a kò gbà pé abẹ́rẹ́ náà ń purọ́. Nígbà tó fi di 1940, kò sí agbègbè kan ní Amẹ́ríkà tí àrùn náà tó ẹyọ kan nínú 200 màlúù mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n sọ, a mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí àwa náà ti bèèrè irú rẹ̀ rí níwájú ọ̀gá. Ẹni tó bá ń ru ẹrù fún gbogbo ìlú, ṣé òun nìkan ni kó san án?

Àwọn ará Australia náà ṣe é, láti 1970 títí di 1997 tí wọ́n kéde pé ilẹ̀ àwọn ti mọ́. Wọ́n fi hẹlikópítà lépa ẹfọ̀n inú igbó ní àríwá, wọ́n ń yìnbọn pa wọ́n. Àmọ́ ohun tó wù wá jù ni àmì tí wọ́n ń so mọ́ ìrù màlúù. Bí wolé-wolé bá rí kókó nínú ẹ̀dọ̀fóóró ní ilé ìpẹran, yóò wo àmì, yóò mọ oko tó ti wá, wọ́n á lọ yẹ gbogbo agbo náà wò. Ìjọba àti àwọn olówó ẹran jọ dá owó rẹ̀ ni.

Nílé wa ńkọ́? Àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn ti rí kòkòrò ti màlúù yìí lára ẹran tí a ń pa, wọ́n sì ti rí i lára ènìyàn. Ṣùgbọ́n tírélà kan lè kó ẹran agbo mẹ́wàá pọ̀ láìsí àmì létí ìkankan. Alápatà tó fi owó àjọ ra màlúù, tí wolé-wolé ní kó sọ ẹ̀dọ̀fóóró nù, ta ni yóò san owó rẹ̀ fún un? Ìdí nìyí tó fi ń bẹ̀bẹ̀, tó ń fi nǹkan pamọ́, tí ìjà fi ń bẹ́ sílẹ̀ ní odò ẹran. Ìyà tí àwọn wolé-wolé ń jẹ níbẹ̀ kò kéré o.

Nítorí náà a fẹ́ kí ẹ̀ka wa kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n ya owó gbà-má-bínú sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹran tálákà, kí wọ́n sì fi àmì sára ẹran láti ọjà tí wọ́n ti kó o. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa sùn láàrin màlúù mọ́. Ẹ sọ fún àwọn ìyàwó yín kí wọ́n se wàrà kó hó kí ọmọ tó mu ún. Ẹni tó bá ti ń wúkọ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, kò gba owó ní ibùdó ìjọba tí wọ́n ti ń tọ́jú ikọ́ ife. Bí ọ̀gá bá sì fẹ́ torí rẹ̀ lé e níṣẹ́, kó tètè sọ fún wa.

Ìwé náà ti wà níwájú akọ̀wé, ẹ wá fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́.